Ta Ni Yóò Ṣe Onídùúró Fún Ọmọ Tó Jáde Nílé Ìtọ́jú?

Ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ òfì ní Ìsẹ́yìn kì í dá nìkan lọ bá ọ̀gá. Bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ẹbí kan ló máa mú un lọ, tí yóò jókòó ti ọ̀gá, tí wọ́n á jọ fẹnu kò lórí iye ọdún tí ọmọ máa lò, iye owó ìkọ́ṣẹ́, ẹni tí yóò máa bọ́ ọ, àti ẹni tí ọ̀gá máa ránṣẹ́ pè bí ọmọ bá ṣàìsàn tàbí tó bá sá lọ. Ibì kan wà nínú ìwé àdéhùn tí ẹni náà máa fọwọ́ sí. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá parí, òun kan náà ló máa gbé owó fírídọ̀mù kalẹ̀, òun ló sì máa wá igi òfì, òmù, ọ̀kọ̀ àti òwú àkọ́kọ́ tí ọmọ máa fi dá dúró. Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, wẹ́dà àti télọ̀ ní Ṣakí, ètò náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Onílé tó fẹ́ fún èèyàn ní yàrá kan ṣoṣo ń béèrè onídùúró. Báńkì ń béèrè rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gba akọ̀wé lè béèrè méjì. Ọmọ tó dàgbà sínú ilé ìtọ́jú, tó pé ọdún 18, tí wọ́n sọ fún pé ẹlòmíì ń dúró de bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, lè mọ̀wé, ó lè lágbára, ó lè níwà. Àyè onídùúró nínú ìwé náà ṣì máa ṣófo. Orí àyè tó ṣófo yìí ni ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ìtàn ilé ìtọ́jú ọmọ nílẹ̀ wa dúró lé. Èrò mi ni pé òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ kan ọmọ lójoojúmọ́ ló bẹ̀rẹ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ lágbègbè wa. Bí àṣẹ ṣe ń kúrò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, tó ń bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀, ìjọba àti olówó àánú, ni ẹni tó lè dúró fún ọmọ ń pòórá. Òkè-Ògùn sì ti ní ohun tó lè fi tún un ṣe lọ́wọ́, ìyẹn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn òṣìṣẹ́.

Kí òyìnbó tó gbé ilé ìtọ́jú dé, Yorùbá ní ètò tirẹ̀ fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kú tàbí tí agbára òbí rẹ̀ kò ká a. Wọ́n á fà á fún ẹ̀gbọ́n bàbá, fún ìyá àgbà, fún ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, tàbí fún obìnrin tí kò bímọ nínú agbo ilé. Àwọn ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún dán ètò yìí wò gan-an. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú láàárín àwọn ọdún 1830, àwọn ìlú Òkè-Ògùn tó kù lórí ìdúró, Ṣakí, Ìgbòho, Kìṣí, Ìsẹ́yìn, gba èrò tó sá àsálà, ọmọ tí kò mọ ibi tí òbí rẹ̀ wọlẹ̀ sí sì wà nínú wọn. Agbo ilé ló gbà wọ́n mọ́ra. N kò ní ṣe bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ló dára. Ọmọ àgbàtọ́ kan lè jẹ ìyà ju ọmọ onílé lọ, òmíràn di ìwọ̀fà nítorí gbèsè tí kì í ṣe òun ló jẹ ẹ́, òmíràn sì bá ogun lọ di ẹrú. Síbẹ̀, nínú ètò ìwọ̀fà pàápàá, ohun kan wà tó yẹ ká wò dáadáa. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé níwájú ẹlẹ́rìí tí wọ́n ń pè ní onígbọ̀wọ́ ni wọ́n ti ń ṣe àdéhùn ìwọ̀fà. Ẹni tí ìlú mọ̀ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́. Bí olówó bá fẹ́ sọ ìwọ̀fà di ẹrú, ẹnì kan wà tó lè jáde síta sọ pé òun wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Agbára ètò ìgbàtọ́ wa kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ nìkan. Ojú tó ń wo ọmọ láti ìta ló fún un lágbára.

Ẹ̀rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ojú yẹn kò bá sí wà ní Britain. Láti àwọn ọdún 1950 títí wọ àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn, gbé ọmọ wọn fún ìdílé òyìnbó láti bá wọn tọ́. Inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti ń polówó láti wá alágbàtọ́. Lójú òbí, ohun tí ìyá tirẹ̀ náà ṣe nílé ló ń ṣe: a gbé ọmọ fún ẹni tó ráyè, kí a lè parí ìwé, kí a wá mú un padà. Àmọ́ kò sí bàbá àgbà lágbègbè náà, kò sí aládùúgbò tó mọ orílẹ̀ ọmọ, kò sí ẹni tí alágbàtọ́ ń tijú fún. Àwọn ọmọ kan rí ìtọ́jú tó dára, wọ́n sì nífẹ̀ẹ́ àwọn tó tọ́ wọn títí dòní. Àwọn mìíràn bọ́ sínú ìyà, ìjọba sì kó lára wọn lọ sí ilé ìtọ́jú. Àṣà kan náà ni. Ẹlẹ́rìí ni wọn kò rí gbé sọdá òkun.

Nílé níbí, ọ̀kan lára àwọn ilé ìtọ́jú tó pẹ́ jù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, orúkọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló sì ń jẹ́ títí di òní, Kersey Children's Home. George Green, dókítà tí ìjọ Baptist ti gúúsù Amẹ́ríkà rán wá, dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907. Iṣẹ́ ìwòsàn tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ló di ilé ìwòsàn Baptist, èyí tó ti di ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Bowen lóde òní. Nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1920, Ruth Kersey, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ jòjòló tí ìyá wọn kú jọ. Ká wo ìdí tó fi jẹ́ nọ́ọ̀sì ni. Bí ìyá bá kú lórí ìkúnlẹ̀ tí ọmọ sì yè, ọmọ náà kì í ṣe aláìsàn, nítorí náà kò ní fáìlì, kò ní bẹ́ẹ̀dì, kò sí lára ohun tí wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn fún. Ẹbí á gbé e lọ sílé, bí kò bá sì sí obìnrin kan nínú agbo ilé tó ń fọ́mọ lọ́mú, omi àti ọ̀gì fúlẹ́fúlẹ́ ni wọ́n á máa fún un, wọ́n á sì tún gbé e padà wá nígbà tó bá ti rù kan eegun. Ọmọ tuntun ń fẹ́ wàrà láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta, tọ̀sán tòru. Omi gbọ́dọ̀ hó, ife àti ṣíbí gbọ́dọ̀ mọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n kó mọ̀ bóyá ó ń sanra tàbí ó ń rù. Dókítà lè pàṣẹ gbogbo èyí, àmọ́ ẹni tó wà lórí iṣẹ́ lóru ló máa ṣe é. Òun náà ló kọ́kọ́ rí i pé ọmọ ń kú ikú tí kò yẹ kó kú. Kí ìgbìmọ̀ kankan tó jókòó, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ó sì yẹ ká rántí ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń lé nípilẹ̀. Ilé ọmọ aláìníyàá ni wọ́n ń pè é, ìyá ni ọmọ sì ṣaláìní lóòótọ́. Bàbá wà láàyè, agbo ilé wà, orílẹ̀ wà. Wàrà àti ọwọ́ tó mọ́ fún ọdún bí i méjì sí mẹ́ta ni wọ́n ń wá, kí ọmọ lè gbó tó láti jẹ oúnjẹ ilé, kí wọ́n sì wá mú un. Nítorí náà, ìbéèrè onídùúró kò yọjú rárá. Ọmọ tó padà sí agbo ilé baba rẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́ta ti ní ẹni tí yóò mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ nígbà tó bá pé mẹ́rìnlá. Àwọn tó dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kò ṣàṣìṣe nígbà tí wọn kò ṣètò fún ọmọ ọdún 18. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wọn. Ìgbà tí ó yá ni ọmọ tí wọ́n rí lẹ́bàá ọ̀nà, ọmọ tí ìyá tó ń ṣàìsàn ọpọlọ bí sójú títì, ọmọ tí ẹbí sọ pé àjẹ́ ni, àti ọmọ tí ogun tàbí àìsàn pa ilé rẹ̀ run, bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àwọn wọ̀nyí kò ní ibi tí wọ́n ń padà sí. Ohun tí wọ́n kọ́ fún ọdún mẹ́ta wá di ibi tí èèyàn ń gbé fún ọdún mẹ́rìndínlógún, láìsí pé ẹnikẹ́ni yí ìpìlẹ̀ rẹ̀ padà.

Ní Èkó, ọ̀nà mìíràn ni ìtàn náà gbà. Ẹgbẹ́ Salvation Army, tó dé Nàìjíríà ní 1920, ṣí ilé fún àwọn ọmọkùnrin ní Yábàá ní 1925. Nígbà tó di àwọn ọdún 1940, ìjọba amúnisìn gbé Donald Faulkner lé orí iṣẹ́ wẹ́fíà, wọ́n ṣí ibùgbé fún àwọn ọmọ tó ń sùn sọ́jà àti lábẹ́ afárá, wọ́n sì ṣe òfin nípa ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní 1943. Láti ìgbà náà, ọlọ́pàá àti adájọ́ ló ń mú ọmọ wọlé, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Mi ò sọ pé èyí burú pátápátá. Ọmọ tí wọ́n ń lù nílé ń fẹ́ adájọ́ tó lè gbà á sílẹ̀, nọ́ọ̀sì kò sì ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun kan yí padà nínú ipò òṣìṣẹ́. Ó di ẹni tí ìjọba lè ṣí nípò nígbàkígbà. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tó mọ ọmọ kan ní Ṣakí láti ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gba lẹ́tà tíráńsífà lọ sí Ìbàdàn lọ́la, fáìlì á sì kù sẹ́yìn. Fáìlì kò lè lọ bá ọ̀gá aláṣọ òfì. Nígbà tí ọmọ bá pé 18, ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀ ìkẹyìn lè jẹ́ ẹni tó dé oríṣẹ́ lóṣù tó kọjá.

Àwọn kan rí ìṣòro yìí kíákíá. Hermann Gmeiner, ará Austria, dá abúlé ọmọdé SOS sílẹ̀ ní ìlú Imst ní 1949, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, orí èrò kan ló sì gbé e kà: ọmọ kò gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń pààrọ̀ ara wọn ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, ìyá kan, ilé kan, àwọn ọmọ díẹ̀ tó ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ní 1973, abúlé SOS àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Ìsọlọ̀, l'Ékòó. Owú-Ìjẹ̀bú wà lára àwọn tó tẹ̀ lé e. Ìtẹ̀síwájú gidi nìyí, mo sì gbà pé kò sí ètò mìíràn tó sún mọ́ òye Yorùbá nípa ilé bí ó ti sún mọ́ ọn. Síbẹ̀, òṣìṣẹ́ ni ìyá náà. Ó ń gba owó oṣù, ó máa fẹ̀yìn tì, ìpinnu nípa iye ọmọ tó máa gbà, owó tó máa ná, àti bí wọ́n ṣe máa tú ọmọ tó dàgbà sílẹ̀ kò sì fi gbogbo ara sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú kékeré tí oníkálùkù dá sílẹ̀ káàkiri gúúsù ìwọ̀-oòrùn kò tilẹ̀ dé ibẹ̀ yẹn. Olùdásílẹ̀ kan ló ń bá olówó àánú sọ̀rọ̀, òun ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́, àwọn obìnrin tó ń wẹ ọmọ tí wọ́n ń jí lóru sì jẹ́ ẹni tí wọ́n lè lé lọ bí oṣù bá parí.

Òfin kò gbẹ́yìn, àmọ́ ibì kan ló dúró sí. Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 1989. Nàìjíríà sọ ọ́ di òfin ní 2003, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ṣe tirẹ̀ ní 2006. Òfin náà sọ pé ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ó fi ìlànà lélẹ̀ lórí ìgbàṣọmọ àti ìgbàtọ́, ó sì dá ilé ẹjọ́ ẹbí sílẹ̀. Lójú òfin, alẹ́ ọjọ́ kan ni ọmọ di àgbà. Ní Òkè-Ògùn, ta ni ó ń di àgbà báyẹn? Ọmọ ọdún 18 tó wà lábẹ́ bàbá rẹ̀ ní Òkèhò ṣì ń jẹun nílé, ilẹ̀ oko bàbá ló ń dá, bàbá náà ló sì máa bá a lọ tọrọ ìyàwó. Àwọn ará England náà ti rí i pé kò rọrùn báyẹn. Wọ́n ṣe òfin ní 2000 láti máa ran ọ̀dọ́ tó jáde nílé ìtọ́jú lọ́wọ́, nígbà tó sì di 2017, wọ́n fún irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí olùdámọ̀ràn títí yóò fi pé ọdún 25. Ìjọba ló ń sanwó rẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá dúró de ọjọ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá tó wà ní Òkè-Ògùn máa lówó láti gba olùdámọ̀ràn fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, àwọn tó pé 18 lónìí á ti bímọ tiwọn.

Ìdí nìyí tí mo fi yíjú sí ohun tó ti wà nílẹ̀. Ìtàn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nílẹ̀ Yorùbá kò kúrú. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Agége ní 1907. C. F. Strickland wá wo ọ̀rọ̀ náà fún ìjọba, ó kọ àbọ̀ rẹ̀ ní 1934, òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sì jáde ní 1935. Ní 1953, àwọn ẹgbẹ́ náà ti lágbára tó láti ní báńkì tiwọn ní Ìbàdàn. Báńkì yẹn ti wọ inú òmíràn láti 2006, orúkọ rẹ̀ sì ti parẹ́, àmọ́ ẹgbẹ́ kéékèèké ibi iṣẹ́ kò kú. Ó ṣòro kí o tó rí ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn tàbí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ní alájẹṣẹ́kù. Wọ́n ń yọ owó lórí oṣù, ọmọ ẹgbẹ́ lè yá ìlọ́po méjì ohun tó ti fi pamọ́, ọmọ ẹgbẹ́ méjì sì gbọ́dọ̀ dúró fún un kí akápò tó tú owó sílẹ̀. Bí ó bá sá, orí owó àwọn méjì yẹn ni wọ́n máa yọ ọ́ lé. Nítorí náà, wọn kì í dúró fún ẹni tí wọn kò mọ̀. Ìmọ̀ nípa ìwà ẹnìkejì ni ẹgbẹ́ náà fi ń ṣòwò, ìmọ̀ yìí kan náà ni òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú sì ní nípa ọmọ tó tọ́ dàgbà, ju bí báńkì tàbí wẹ́fíà ṣe lè ní in lọ. Ìyá tó ti ń se oúnjẹ fún ọmọ kan fún ọdún mẹ́wàá mọ̀ bóyá ó ń parọ́, bóyá ó ń jí nǹkan, bóyá ó lè jí ní kùtùkùtù láìsí pé a pè é. Ohun tí mò ń dábàá ni pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú, àwọn alágbàtọ́ àti òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tó wà ládùúgbò kan di ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹgbẹ́ náà gba iṣẹ́ ìtọ́jú lọ́wọ́ ìjọba tàbí ìjọ, kí wọ́n máa dìbò lórí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kí ọmọ tó bá pé 18 sì di ọmọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú onídùúró méjì láti inú àwọn tó tọ́ ọ.

Èyí kì í ṣe àlá. Ní Ítálì, òfin 381 ti ọdún 1991 dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ ní oríṣi méjì: èyí tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́, àti èyí tó ń fún àwọn tí iṣẹ́ ṣòro fún ní iṣẹ́. Nínú oríṣi kejì, ó kéré tán, ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, òfin náà sì dárúkọ àwọn ọ̀dọ́ tó ti tó iṣẹ́ ṣe tí ìṣòro wà nínú ẹbí wọn. Ní England, òfin 2008 fàyè sílẹ̀ kí àwùjọ kékeré àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà kúrò lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n dá dúró, kí wọ́n sì máa tọ́jú àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú àti àwọn tó ti jáde. Wọ́n dán an wò láti 2009, ìwádìí lórí rẹ̀ sì jáde ní 2012. Ó yẹ ká sọ òtítọ́ nípa àbájáde rẹ̀. Ayé àwọn ọmọ kò yí padà lójijì, kì í ṣe gbogbo àwùjọ náà ló jẹ́ ti òṣìṣẹ́ ní tòótọ́, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló pẹ́. Ibi tó dára ni pé ọmọ ń rí òṣìṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń wá a, nítorí pé àwùjọ náà kéré, ọmọ tó wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan kò sì pọ̀. Ohun tó bà á jẹ́ níbẹ̀, àdéhùn tó ń parí lẹ́yìn ọdún díẹ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ sì lè kọ̀ láti tún ṣe, ni alájẹṣẹ́kù wa kò ní, nítorí owó tirẹ̀ ló fi dúró kí àdéhùn kankan tó dé.

Àtakò tó wúwo jù ni pé ọmọ kò yẹ kó wà nílé ìtọ́jú rárá, pé ẹbí ló ni ọmọ. Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè gbé jáde ní 2009 lórí ìtọ́jú ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ òbí sọ ọ́ gbangba pé òṣì nìkan kò tó láti gba ọmọ kúrò lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn. Àtakò náà tún ní etí kan tó mú jù: bí òṣìṣẹ́ bá ní ilé ìtọ́jú, tí owó sì ń wọlé lórí iye ọmọ, ṣé wọn kò ní máa fẹ́ kí ọmọ pọ̀? Wọ́n á fẹ́ bẹ́ẹ̀, bí a bá ń sanwó lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà, níbi tí ọlọ́pàá àti NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, ti já wọ ilé tí wọ́n pè ní ilé ọmọ aláìlóbìí, àmọ́ tó jẹ́ pé ọjà ni wọ́n ń fi ọmọ ṣe níbẹ̀. Nítorí náà, àṣẹ láti mú ọmọ wọlé àti láti dá a padà sílé gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ àti ìjọba, owó sì gbọ́dọ̀ wà fún iṣẹ́ tó ń dá ọmọ padà sọ́dọ̀ ẹbí bó ṣe wà fún iṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí mò ń sọ kò tilẹ̀ nílò ilé ńlá. Ó lè jẹ́ àwọn alágbàtọ́ ogún nínú ilé ara wọn láti Ṣakí dé Ìgbòho, kí òṣìṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta máa bẹ̀ wọ́n wò. Ní ti ìwà ìbàjẹ́, ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé ta ló kọ́kọ́ ń rí i nígbà tí nǹkan bá ń bàjẹ́ nínú ilé ìtọ́jú. Obìnrin tó ń fọ aṣọ ni. Níbi tí ẹnì kan ti ni ilé, bí ó bá lanu, iṣẹ́ bọ́. Níbi tó ti ní ìbò, tó ní owó nínú ẹgbẹ́, tí ìpàdé ọdọọdún sì wà, ó ní ibi tó lè sọ ọ́ sí.

Àwọn mìíràn á sọ pé ọ̀nà tí ìjọba fi máa sá fún ojúṣe rẹ̀ nìyí. Ẹ̀rù yìí tọ́. Ní 2015 àti 2016, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, Ọ̀yọ́ pẹ̀lú, jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù fún ìgbà pípẹ́, ìyà sì jẹ àwọn alájẹṣẹ́kù tó gbára lé owó tí wọ́n ń yọ lórí oṣù. Ìjọba tí kò lè san owó olùkọ́ lákòókò kò ní ṣàánú òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú. Síbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ lásìkò yẹn náà fi ìyàtọ̀ hàn. Ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ kò rí ibi yá owó oúnjẹ. Ẹni tó ní ẹgbẹ́ tó ti fi owó pamọ́ tẹ́lẹ̀ rí nǹkan gbé jẹ. Èmi kò ní kí ìjọba yọwọ́. Owó ìtọ́jú, ilé, ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́ gbèsè tí ìjọba jẹ ọmọ, kò sì sí ẹgbẹ́ tó lè san án. Ohun tí mo fẹ́ kúrò lọ́wọ́ ìjọba ni iṣẹ́ tí kò lè ṣe láéláé, ìyẹn láti jẹ́ ẹni tí ọ̀gá lè ránṣẹ́ pè.

Wọ́n tún lè béèrè bí òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó jẹun ṣe máa fi owó ara rẹ̀ dúró fún ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí mo bá béèrè pé kí ẹnì kan dá a gbé, ìwà ìkà ni. Alájẹṣẹ́kù pín ẹrù náà. Iṣẹ́ òfì dára fún irú ètò yìí, nítorí pé a lè mọ ohun tí ọmọ ń fẹ́ láti bẹ̀rẹ̀ ká sì mọ ìgbà tí owó máa padà: igi òfì lè wà fún ọdún púpọ̀, òwú ni wọ́n ń rà léraléra, aṣọ tó bá sì ti kúrò lórí òfì ti ní oníbàárà lásìkò ìgbéyàwó. Ẹgbẹ́ lè fi òwú yá ọmọ dípò owó, kó gba owó rẹ̀ nígbà tí aṣọ bá tà. Bí ọmọ kan bá bà á jẹ́, àdánù náà máa pín sí ọwọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kì í ṣe onídùúró méjì nìkan. Bí mẹ́ta bá bà á jẹ́ lọ́dún kan, ẹgbẹ́ á dáwọ́ dúró díẹ̀, á sì tún òfin rẹ̀ wò. Àwọn alájẹṣẹ́kù olùkọ́ àti ti òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ti ń kọjú sí irú àdánù yìí pẹ̀lú àgbàlagbà, wọn kò sì tú ká.

Ní Òkè-Ògùn, àwọn tó lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn Baptist wà ní Ṣakí, àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sì ń rí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú gẹ́gẹ́ bí Ruth Kersey ṣe rí i ní Ògbómọ̀ṣọ́. Olùkọ́ wà ní Poli Òkè-Ògùn, òṣìṣẹ́ wà ní ẹ̀ka Yunifásítì LAUTECH tó wà ní Ìsẹ́yìn, ẹ̀ka wẹ́fíà sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀. Wọn kò ní láti dúró de òfin tuntun kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ kan lè fi ìlà mẹ́ta kún òfin ẹgbẹ́: pé ọ̀dọ́ tó jáde nílé ìtọ́jú tàbí lọ́dọ̀ alágbàtọ́ lè di ọmọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ tó bá pé ọdún 18, kí ẹgbẹ́ sì san owó ìwọlé rẹ̀ láti inú èlé ọdún náà, pé ọmọ ẹgbẹ́ méjì tó ti mọ̀ ọ́n fún ó kéré tán ọdún mẹ́ta ló máa dúró fún un, àti pé akọ̀wé ẹgbẹ́ lè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ àti ìwé ilé gbígbà rẹ̀, kó sì lu òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ lé e.